Ọkọ Mi Oníkọ́

Ọjọ́ Àìkú, 2 Máàṣì 2025

Ara mi kò balẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìsìn, lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi kò sí níbẹ̀, ìdí ààrò ni mo wà, ṣùgbọ́n pákó tó wà láàárín wa kò nípọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹ̀rọ tí bàbá wọn fi ń lọ ẹyìn ti di arúgbó, ojoojúmọ́ ni àtúnṣe, ojoojúmọ́ ni wáyà àti rọ́bà. Ó ní kí wọ́n tà á fún àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù tí ń fi lọ́rì ra irin tó ti kú. Ó ní òun ti bá ọkọ mi rí iṣẹ́ ní Èkó, kó máa ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n fẹ́ kó dé lẹ́yìn Àjíǹde.

Ọkọ mi ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bá wa lọ ẹyìn ọdún yìí ná."

"Bó bá kú sí ẹnu iṣẹ́ ńkọ́?"

"Bó bá kú tí n kò lè jí i, ẹ pe lọ́rì. Èmi náà á gbé báàgì mi."

"Bí kò bá kú títí Àjíǹde?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, ẹ sì fi èmi náà sílẹ̀."

Ìyá wọn ní, "Mo ti gbọ́. Gbogbo yín náà ti gbọ́."

Èmi náà ti gbọ́. Ọyẹ́ ṣì ń fẹ́ nígbà tí mo wọlé yìí láti Akotogbo. Mi ò tíì mọ ọkùnrin náà tán. Ojú ṣì ń tì mí láti jẹun níwájú rẹ̀. Wọ́n sì ti ní kó máa lọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 Máàṣì

Mo rò pé mo ti sọ gbogbo ará ilé lórúkọ tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Akọ̀wé ni mo ń pè é, nítorí bírò tí kì í kúrò lápò rẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin, Afínjú. Àwọn ọkùnrin ẹbí yòókù, títí dé orí àwọn tí ń bá wa kọ ẹyìn, "ọkọ mi" ni gbogbo wọn.

Afínjú bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Ìyàwó, ó ku ẹnìkan tí o kò tíì sọ lórúkọ o."

"Ta ni, Afínjú mi?"

"Ẹ̀rọ Bàbá. Ó ti wà nílé yìí kí wọ́n tó bí èmi gan-an. Ọkọ rẹ àgbà ni. Àbí o fẹ́ máa pè é ní ẹ̀rọ, bíi pé ẹgbẹ́ rẹ ni?"

Ìyá ní òótọ́ lọmọ òun sọ. Mo ronú. Ó máa ń húkọ́ kó tó gbéra, ó máa ń húkọ́ kó tó dákẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, mo pè wọ́n ní Oníkọ́." Afínjú rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, òun náà rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín láti àná.

Ọjọ́rú, 5 Máàṣì

Wọ́n ti ń kó ẹyìn wá sí ẹbu tí a ti ń ṣe epo. Àwọn akọpẹ ní ọ̀pẹ so dáadáa lọ́dún yìí.

Ẹni méjì ló ń jí Oníkọ́. Ẹnìkan á fi ọwọ́ irin yí i, ẹnìkejì á gbé irin kékeré orí rẹ̀ sókè kí yíyí náà lè fúyẹ́. Nígbà tó bá ti ń sáré dáadáa, wọ́n á jù ú sílẹ̀, yóò sì mú. Afínjú ló ń gbé irin yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti padà sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Igbotako. Ọkọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹlòmíràn. Ó ní, "Ṣé ìwọ lè dì í mú?"

Mo dì í mú. Ó yí i, ó yí i, òógùn bo ojú rẹ̀, ó ní, "Jù ú sílẹ̀!" Ẹ̀rù bà mí, mo pẹ́ kí n tó jù ú. Oníkọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tu èéfín dúdú sí wa lójú, ó kú. Mo rò pé yóò pariwo mọ́ mi.

Ó ní, "Má wo ọwọ́ mi. Gbọ́ òun. Tó bá ti ń mí kíákíá, tí èémí rẹ̀ kò já mọ́, jù ú."

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ. Mo jù ú. Túkú-túkú-túkú, gbogbo ilẹ̀ ń gbọ̀n. A wo ara wa, ojú wa dúdú bí ìdí ìkòkò. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Máàṣì

Táńkì dísẹ̀lì Oníkọ́ ń jò. Ọṣẹ ìfọṣọ ni ọkọ mi rẹ́, ó pò ó, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibẹ̀. Kò jò mọ́. Ọṣẹ mi ni. Dísẹ̀lì lítà kan ti kọjá ẹgbẹ̀rún kan náírà, mi ò lè bínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Máàṣì

Oníkọ́ ń fẹ́ atẹ́gùn láti ọrùn. Ọkọ mi ní gásíkẹ́ẹ̀tì ni, bàbà pẹlẹbẹ tó ń dí ìpàdé orí rẹ̀, pé tuntun rẹ̀ kò sí ní Òkìtìpupa, ẹni tó bá sì lọ títí dé Benin lè má bá a níbẹ̀. Ó tú orí rẹ̀, ó yọ bàbà pẹlẹbẹ náà jáde. Ó wá bá mi ní ìdí ààrò níbi tí mo ti ń se ọbẹ̀.

"Ṣé mo lè yá iná yìí?"

Mo sọ ọbẹ̀ kalẹ̀. Ó ti gásíkẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹyín iná, ó ní kí n máa fẹ́ iná náà. Nígbà tó pọ́n bí ẹyìn tó pọ́n jù, ó fi ẹ̀mú gbé e, ó tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Ó pariwo ṣááá! Ìyá na ọrùn láti inú yàrá.

"Kí lẹ ń sè níbẹ̀ yẹn?"

"Gásíkẹ́ẹ̀tì ni, Ìyá."

"Ẹ má gbàgbé iyọ̀ o."

Ó ní iná ni í mú kí bàbà rọ̀, kó lè tún lẹ̀ mọ́ irin. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó sọ ti bàbá rẹ̀ fún mi: bó ṣe máa ń fi etí lé ara ẹ̀rọ bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí, bó ṣe máa ń bá a wí tó bá kọ̀ láti mú. Ó sọ ọ́ títí ọbẹ̀ fi tutù. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Tó bá lọ sí Èkó, géètì ni yóò máa sọ ọ́ fún.

Ọjọ́rú, 12 Máàṣì

Ó mú. Kò fẹ́ atẹ́gùn mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Máàṣì

Akọ̀wé wá láti Òkìtìpupa fún ìsìn. Kò wọ inú ẹbu, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí kí epo má baà ta sí aṣọ rẹ̀.

"Ó ṣì ń mí?"

"Ó ń mí, Bùọ̀dá mi."

"Mo gbọ́ pé ẹ fi ọṣẹ dí táńkì, ẹ sì se gásíkẹ́ẹ̀tì lórí ààrò. Ó ku kí ẹ fi ẹ̀bà ṣe písítìn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n sípánà kan ṣoṣo ló ń nù láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé.

Akọ̀wé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo gbọ́ tó ń sọ fún Ìyá pé abẹ́ irin yìí ni Bàbá lo gbogbo ayé rẹ̀ sí, tí kò fi kọ́ ilé tirẹ̀ tán. Òun kò fẹ́ kí ọkọ mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò kórìíra àbúrò rẹ̀. Ohun tó ń dà mí láàmú gan-an nìyẹn, mi ò rí ẹni tí mo lè bínú sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Máàṣì

Ojú tì wá lónìí.

A di kẹ́ẹ̀gì epo sínú Píjó, mọ́tò ilé wa, à ń lọ sí Igbotako. A kò tíì rìn jìnnà tí rédíétọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò, èéfín ń rú níwájú. Ọkọ mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ó ní tí òun bá rí ìyẹ̀fun kan dà sínú omi yẹn, yóò wá ojú ihò lọ, yóò sì dí i. Ìyẹ̀fun kankan kò sí lọ́wọ́ wa, àfi pupuru, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí Ìyá fi rán mi sí Afínjú. Mo tú u fún un. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Jíjò náà dín kù, kò dúró. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn. Ó dúró. A ń yọ̀ bí ọmọdé.

Ẹ̀kúnwọ́ kejì yẹn ló ṣe wá. A ta epo tán, ó di pé à ń bọ̀, mọ́tò gbóná, ó gbọ̀n gììrì, ó kú. Ọkọ mi ṣí ìdérí rédíétọ̀, òkèlè funfun yọ orí síta. Omi gbígbóná àti pupuru, kí ni a tún ń retí? Ó ti rò ó jinná.

Afínjú gun ọ̀kadà wá wò wá. Ó tẹ òkèlè náà wò, ó wo ọkọ mi. Ó ní, "Bọ̀dá Ọlápàdé, ẹ ro oúnjẹ fún mọ́tò, ẹ ò wá bu ọbẹ̀ sí i?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo wá wo ojú ọkọ mi ni mo dákẹ́. Ó ní ẹ́ńjìnnì ti lẹ̀ mọ́ra, kò ní yí mọ́ láyé.

Ọjọ́ Ajé, 24 Máàṣì

Lọ́rì kan bá wa fi okùn fa Píjó wálé. Ó wà lẹ́yìn ilé, adìẹ ti ń wọ̀ sínú rẹ̀. Bárò la fi ń kó ẹyìn báyìí, èyí tó kù, orí wa. Ọrùn ń dùn mí. Oníkọ́ nìkan ló kù fún wa.

Ọjọ́bọ̀, 27 Máàṣì

Mo ń gbálẹ̀ abẹ́ ibùsùn, mo rí báàgì ọkọ mi. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a gbẹ. Mi ò bi í. Mo tì í padà síbi tó wà.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Máàṣì

Màmá mi pè láti Akotogbo. Wọ́n ní ṣé ọkọ mi ń tọ́jú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ń sọ nǹkan tí wọ́n gbọ́ lánàá nígbà tí wọ́n pè mí tí mo wà ní ẹbu: "Kí ló ń dún túkú-túkú lẹ́yìn rẹ?" Mo ní ọkọ mi kejì ni. Wọ́n pariwo Jésù! Ó pẹ́ kí n tó lè ṣàlàyé, ẹ̀rín kò jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Épírì

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Ẹyìn ti kún ẹbu, ó ń gbóná nínú òkìtì, tí a kò bá tètè lọ̀ ọ́, epo rẹ̀ á kan. Àárín èyí ni bẹ́líìtì wá gé, bẹ́líìtì gígùn tó ti ara Oníkọ́ lọ sí ara ìkòkò irin tó ń lọ ẹyìn.

Ọkọ mi gé táyà Píjó, ó fi lẹ ojú ibi tó gé, ó fi okùn rán an. Okùn já. Ó fi wáyà rán an. Wáyà gé rọ́bà. Ó jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ wà lára àwọn sípánà rẹ̀ bíi pé ó fẹ́ kó wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọjọ́bọ̀, 3 Épírì

Mo lọ sọ́jà. Obìnrin ẹ̀yà Ìjọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń ta ẹja gbígbẹ. Mo dúró lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ó fi bi mí bóyá mo fẹ́ ra ẹja ni tàbí mo fẹ́ gba òun ní ọmọ-ọ̀dọ̀. Mo fi ipá ya ẹnu mi. Mo bi í pé okùn wo ni ọkọ rẹ̀ fi ń so àwọ̀n tí ẹja ńlá kì í já. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìdì okùn kan yọ lábẹ́ àtẹ rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ẹja wo lo fẹ́ mú?"

Ọkọ mi fà á títí, kò já. Ó rán bẹ́líìtì, ìlà mẹ́rin, ó ń gbé abẹ́rẹ́ ìránpò bí ẹni ń rán aṣọ ìjáde. Nígbà tó ṣe tán ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?" Mo ní mo bèèrè ni. Ó ní, "Ìwọ? Ìwọ bèèrè lọ́jà?"

Ọjọ́ Ajé, 7 Épírì

Ó ń lọ. Okùn Ìjọ̀ ń dún pá-pá-pá lórí kẹ̀kẹ́ irin tó ń yí bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Owó kẹ́ẹ̀gì epo ti wálẹ̀ lọ́jà, gbogbo ayé ló ń ṣe epo. Àwọn ará Èkó pe ọkọ mi lórí fóònù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni sà, lẹ́yìn Àjíǹde sà." Ó lọ dúró sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó dá wọn lóhùn. Mo ka gbogbo rẹ̀ lára ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Épírì

Àìkú Ọ̀pẹ. A ju màrìwò, a kọrin yí ìlú po. Mo gbàdúrà fún ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé kò yẹ, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Ọjọ́rú, 16 Épírì

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀sán ni. Ẹbu kún. Ọkọ mi ń da ẹyìn sínú ìkòkò irin, àwọn akọpẹ méjì ń kó o fún un, èmi ń se èyí tó kù. Akọ̀wé wọlé láti ìsìn ọ̀sẹ̀ mímọ́, súùtánà funfun rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, àmùrè ní ìdí. Ó mú oníkóńdẹ́ẹ̀mù kan lẹ́yìn. Ó ní kí ọkùnrin náà kàn fi ojú wọn Oníkọ́, nítorí Àjíǹde ti dé tán. Ọkọ mi ń da ẹyìn lọ.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ síwájú Oníkọ́, ó ń na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń fi irin tó nípọn jù han ọkùnrin náà. Mo rí ìrù àmùrè rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń fì sọ́dọ̀ bẹ́líìtì. Afẹ́fẹ́ bẹ́líìtì ń fà á. Òun kò rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà.

Mo ké, "Ọkọ mi!" Ọkọ mi gbé ọwọ́ láìwẹ̀yìn, bíi pé ó ń bọ̀. Akọpẹ kan ní, "Ṣé omi lo fẹ́?" Akọ̀wé kò tilẹ̀ mira, ta ni yóò mọ̀ pé òun ni mò ń pè? Mo ké, "Akọ̀wé! Akọ̀wé!" Túkú-túkú gbé e mì. Ìrù àmùrè náà kan bẹ́líìtì, ó yẹ̀, ó tún kàn án.

Mo ya ẹnu, mo ké, "Àjíṣafẹ́!"

Mo ti pè é, kí ló tún kù tí n kò fi ní kọ ọ́? Àjíṣafẹ́ ni mo pè, orúkọ rẹ̀ gan-an, láìsí bùọ̀dá níwájú, láìsí nǹkan kan lẹ́yìn.

Ó fò dìde, ó yí padà wìrì bí ọmọ tí òbí rẹ̀ pè. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ ni bẹ́líìtì gbá àmùrè mú. Ìsokọ́ rẹ̀ tú, ó fà á yọ ní ìdí rẹ̀, ó lù ú mọ́ kẹ̀kẹ́ irin. Bẹ́líìtì fò kúrò, ó na páìpù dísẹ̀lì, páìpù dá sí méjì. Oníkọ́ húkọ́, ó húkọ́, ó dákẹ́.

Akọ̀wé jókòó sílẹ̀ nínú epo pẹ̀lú aṣọ funfun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni gbogbo wọn ń wò. Èmi ni. Akọpẹ tó bi mí bóyá omi ni mo fẹ́ ní, "Ìyàwó pe Àjíṣafẹ́."

Mo sá wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 17 Épírì

Ìyá wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá. "Salome, ọma mi, jáde."

"Ìyá, mo ti ṣe ohun tí kò dáa."

"O gba ọmọ mi lọ́wọ́ ikú, o sì pè é lórúkọ. Nǹkan méjì ni. Èyí tó dáa, a dúpẹ́. Èyí tí kò dáa, adìẹ kan ni."

Mo mú adìẹ mi tó ń sùn nínú Píjó. Mo gbé e lọ síwájú Akọ̀wé, mo kúnlẹ̀. Kò tíì padà sí Òkìtìpupa. Gbogbo wọn wà níbẹ̀, Afínjú náà ti dé. Akọ̀wé kò gba adìẹ náà. Ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí Bàbá ti kú, kò sí ẹni tó tún pè mí báyẹn. Nínú ariwo ẹ̀rọ yẹn. Mo rò pé òun ni." Ó ti adìẹ náà padà sọ́dọ̀ mi. "Ìyàwó, kí lo fẹ́?"

Ojú ti tì mí tán lánàá, kò ku ojú kankan tí ó máa tì mí. Mo ní, "Ẹ má ta ọkọ mi."

Afínjú ní, "Èwo nínú wọn?"

"Oníkọ́. Ẹ má tà wọ́n. Ẹ má sì rán èyí tó kù lọ sí Èkó."

Akọ̀wé gbójú sókè. "Ohun tó fẹ́ pa mí lánàá ni o ń bẹ̀bẹ̀ fún?"

"Àmùrè yín ló lọ bá wọn, Akọ̀wé. Bẹ́líìtì yẹn kò ní ọgbà. Ọjọ́ mìíràn, ó lè jẹ́ ìró tèmi."

Akọ̀wé yíjú sí ọkọ mi. "Ọlápàdé, kí la sọ nípa kó kú sí ẹnu iṣẹ́?"

Ọkọ mi ní, "Páìpù ló dá, Bùọ̀dá mi, kò kú. Ẹ sọ pé títí Àjíǹde. Àjíǹde kò tíì dé."

"Èmi kò fẹ́ rí bẹ́líìtì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i láìní ọgbà."

"Kí ni kí n fi ṣe é? Irin wọ́n."

Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́, ẹnu mi ti ṣe iṣẹ́ ọdún kan. Mo kàn na ìka sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí Píjó wà pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Épírì

Ẹtì Rere. A kì í ṣiṣẹ́. Ààwẹ̀ ni. Mo lọ fi ọwọ́ kan òkìtì ẹyìn, ó gbóná bí ara ẹni tó ní ibà. Mo padà wá jókòó. Mo tún lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Épírì

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ọkọ mi fi tú ilẹ̀kùn Píjó. Ó ri igi mọ́lẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì bẹ́líìtì, ó gbé ilẹ̀kùn tì wọ́n. Wáyà kò tó. Mo yọ àmùrè Akọ̀wé tó ti fàya kúrò lára kẹ̀kẹ́ irin, mo fi í fún un, ó fi so ilẹ̀kùn ìkẹyìn. Akọ̀wé dúró, ó ń wò. Ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́ di ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọkọ mi dá bẹ́líìtì padà sórí kẹ̀kẹ́ irin. Ó ku páìpù. Ọkọ mi rí rọ́bà tó lè so ó, ṣùgbọ́n kò rí ohun tó ṣófo nínú tí yóò wọ inú rọ́bà méjèèjì kí wọ́n lè fara kanra. Ó wo pápá, ó wo inú àpótí, ó fi ìka wọn ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ó jù ú nù. Akọ̀wé ń wò ó. Nígbà tó ṣe, ó fa bírò yọ lápò rẹ̀, ó yọ inú rẹ̀ dànù, ó fẹ́ ẹ wò, ó nà án sí i.

"Ṣé èyí ṣe é lò?"

Ọkọ mi gbà á bí ẹni gba ẹyin. Ó wọ̀ ọ́ bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún un. Ó fi rọ́bà inú kẹ̀kẹ́ dì í ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Dísẹ̀lì ń kọjá nínú rẹ̀, a ń rí i.

Mo gbé irin kékeré náà sókè. Ó yí i. Mi ò wo ọwọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ, mo jù ú. Oníkọ́ húkọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó mú. Ìyá jó wọ inú ẹbu. A lọ ẹyìn títí oòrùn fi ń wọ̀, òkìtì náà ti wálẹ̀ dé orúnkún mi. Epo rẹ̀ kò kan.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Épírì

Ó jíǹde! A kọ ọ́ lórin títí ohùn mi fi há. Lẹ́yìn ìsìn, lábẹ́ máńgòrò, Ìyá bi Akọ̀wé pé kí ni gbogbo wọn sọ nígbà náà lọ́hùn-ún. Akọ̀wé ní, "Mo rántí, Ìyá. N kò yẹ̀ ẹ́." Ó yọ fóònù, ó pe àwọn ará Èkó níwájú wa, ó ní àbúrò òun kò wá mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Épírì

Lọ́rì oníkóńdẹ́ẹ̀mù dé. Ọkùnrin náà bínú nígbà tó rí ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún un. "Mọ́tò tí kò ní ilẹ̀kùn?"

Afínjú ní, "Ẹ má bínú, oúnjẹ wà nínú rédíétọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ ẹ́ lọ́nà."

Wọ́n gbé Píjó lọ. Ọkọ mi kò lè wò ó. Ó wọ yàrá lọ, ó fa báàgì jáde lábẹ́ ibùsùn. Mo tẹ̀ lé e. Ó gbé e wá sí ẹbu, ó da gbogbo sípánà rẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi í kọ́ sára ògiri.

Akọ̀wé yà sí ẹbu kí ó tó padà sí Òkìtìpupa. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn Píjó, ó yọ orí sí wa láti ojú fèrèsé rẹ̀ bí èrò inú mọ́tò. Ó ní, "Ìyàwó, bí o bá tún rí mi tí mo ń ṣe wèrè nítòsí ohun yìí, pè mí."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Kí ni kí n máa pè yín báyìí? Bírò kò sí lápò yín mọ́."

Ó fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀, ó rò ó.

Ó ní, "Pe èyí tí mo máa gbọ́."

Ọkọ mi ti di ọwọ́ irin mú, ó ń dúró dè mí. Mo dìde, mo gbé irin kékeré sókè, mo dẹ etí sí Oníkọ́.